Ẹ Béèrè Lọ́wọ́ Wa: Wíwá Ejò àti Sàlàmáńdà Nígbà Ìwọ́wé

Láti ìgbà tí ooru ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ ní apá ìlà oòrùn Amẹ́ríkà, àwọn òǹkàwé wa tó ń gbé níbẹ̀ ti ń kọ̀wé sí ojú ewé yìí nípa ohun kan náà: wọ́n fẹ́ wọ inú igbó lọ wo ejò àti sàlàmáńdà, ẹ̀dá kan tó jọ alángbá ṣùgbọ́n tó jẹ́ ìbátan ọ̀pọ̀lọ́, kí òtútù tó lé àwọn ẹ̀dá náà wọlẹ̀. Mo yan mẹ́rin nínú àwọn lẹ́tà náà. Mo ké wọn kúrú, mo sì yọ orúkọ àwọn tó kọ wọ́n kúrò, ṣùgbọ́n n kò yí ohun tí wọ́n béèrè padà.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Gúúsù ìpínlẹ̀ Illinois ni èmi àti ìdílé mi ń gbé. Àwọn ọmọ wa ti fi dandan lé e pé ejò inú igbó ni àwọn fẹ́ rí, pé èyí tí wọ́n tì mọ́ inú dígí ti sú àwọn. Láti ìparí oṣù kẹsàn-án ni a ti ń jáde ní ìdájí ọjọ́ Sátidé, ṣùgbọ́n ewé gbígbẹ nìkan ni à ń rí. Ṣé àsìkò ti kọjá ni, àbí ibi tí à ń lọ ni kò dára?

Ìdáhùn: Àsìkò kò tíì kọjá, ibi tí ẹ ń lọ sì lè má burú rárá. Wákàtí tí ẹ ń jáde nílé ni mo fura sí. Ejò kì í fúnra rẹ̀ pèsè ooru tí yóò gbé ara rẹ̀ ró bí ènìyàn ti ń ṣe. Ọ̀dọ̀ oòrùn àti òkúta tí oòrùn ti pa ni ó ti ń rí i gbà. Nítorí náà, lẹ́yìn òru tó tutù, inú ihò tàbí abẹ́ òkúta ni yóò ṣì wà nígbà tí ẹ̀yin bá ti rìn lọ tí ẹ ti rìn bọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, nígbà tí ooru ṣì mú, òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ dára, nítorí pé ọ̀sán gbóná jù fún ejò pàápàá. Ṣùgbọ́n bí oṣù kẹwàá bá ti wọlé, láti bí aago mẹ́wàá àárọ̀ títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ máa wá wọn. Ọjọ́ tí mo fẹ́ràn jù ni ọjọ́ tí oòrùn ràn lẹ́yìn òru òtútù bíi méjì tàbí mẹ́ta, tí atẹ́gùn kò sì fẹ́ púpọ̀, nítorí pé ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ejò tó ti fara pamọ́ fún ìgbà díẹ̀ á jáde wá yá oòrùn, wọn a sì pọ̀ níta lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tó mú kí ìgbà ìwọ́wé dára fún ẹni tó ń wá ejò ni pé ìrìn-àjò ni wọ́n ń rìn lásìkò náà. Nígbà ooru, wọ́n fọ́n káàkiri inú àbàtà àti igbó, wọ́n ń wá oúnjẹ. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dì, wọ́n gbọ́dọ̀ dé inú pàlàpálá àpáta tàbí ihò tó jìn débi tí yìnyín kò lè bá wọn. Ihò bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Timber rattlesnake, ejò olóró kan tó lè mi ìrù rẹ̀ kó dún, máa ń padà sí ihò kan náà lọ́dọọdún, ejò mìíràn tí kì í ṣe irú rẹ̀ sì lè bá a gbé inú rẹ̀ títí di ìgbà ìrúwé. Nítorí náà, ẹ má ṣe máa wá ejò káàkiri inú igbó. Ọ̀nà tó wà láàárín ibi tí wọ́n ti ń jẹun àti ibi tí wọ́n fẹ́ sùn ni kí ẹ gbájú mọ́: ẹsẹ̀ òkè olókùúta tó dojú kọ gúúsù, etí igbó tí oòrùn ọ̀sán ń dé, àti bèbè àbàtà.

Ó sì wá jẹ́ pé ìpínlẹ̀ yín gan-an ni ọ̀kan nínú irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ tó lókìkí jù wà. Nínú igbó ọba Shawnee National Forest, ní LaRue-Pine Hills, ojú ọ̀nà kan wà tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Snake Road. Àpáta gàgàrà wà ní ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀, àbàtà wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ọ̀nà náà sì dábùú ibi tí àwọn ejò ń gbà lọ láti inú àbàtà sínú àpáta. Láti ọdún 1972 ni àwọn alámòójútó igbó náà ti ń ti ọ̀nà ọ̀hún pa mọ́ ọkọ̀ nítorí àwọn ejò: láti ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án sí ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá, àti láti ọjọ́ 15 oṣù kẹta sí ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún, nígbà tí wọ́n bá ń padà sínú àbàtà. Ẹsẹ̀ ni ènìyàn fi ń rìn ín nígbà náà, gígùn rẹ̀ sì tó máìlì méjì àbọ̀. Oríṣi ejò tí wọ́n ti rí níbẹ̀ lé ní 20. Òfin ibẹ̀ kò gbà kí ẹnikẹ́ni mú ejò tàbí kí ó fọwọ́ kàn án, ẹ sì sọ èyí fún àwọn ọmọ kí ẹ tó kúrò nílé, kì í ṣe ìgbà tí ejò bá ti wà níwájú wọn.

Nígbà tí ẹ bá débẹ̀, ẹ rìn bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ sọnù. Ẹ gbé ìgbésẹ̀ díẹ̀, ẹ dúró, ẹ wo etí ọ̀nà, ẹ wo orí ìtì igi tó ti ṣubú, ẹ wo ojú àpáta níbi tí oòrùn ń tàn sí, kí ẹ tó tún gbé ẹsẹ̀. Awọ ejò olóró tí wọ́n ń pè ní copperhead jọ ewé tó wọ́ sílẹ̀ débi pé ojú lè wò ó títí kó má rí i: ewé ni, ewé ni, títí ọ̀kan nínú ewé náà yóò fi yọ ahọ́n ẹlẹ́ka méjì jáde, tí yóò sì fà á padà. Ẹ tẹ́tí pẹ̀lú. Ìró ọ̀kẹ́rẹ́ lórí ewé gbígbẹ máa ń já, á dákẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀. Ti ejò ń lọ gbọọrọ ni, láìsí ìdádúró, ó sì máa ń rọ̀ débi pé ọmọdé tó ń sọ̀rọ̀ kò ní gbọ́ ọ. Ìyẹn lè jẹ́ ìdí mìíràn tí ẹ kò fi rí nǹkan kan.

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa dá sí i. Gúúsù Illinois ni àwa náà ń gbé. Ọkọ mi ní kò sí ewu, pé ejò tí orí rẹ̀ bá ní igun mẹ́ta nìkan ni ó lóró, àti pé rattlesnake gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mi ìrù rẹ̀ kó tó ṣán ènìyàn. Èmi ní tèmi sọ fún un pé ojú l'alákàn fi ń ṣọ́rí. Ta ló jàre?

Ìdáhùn: Ẹ̀yin lẹ jàre, Ìyáàfin, mo sì bẹ bàbá ilé kí wọ́n má bínú sí mi. Ejò omi tí kò lóró, irú èyí tó pọ̀ nínú odò àti àbàtà ní agbègbè yín, máa ń tẹ́ orí rẹ̀ pẹrẹsẹ bí ẹ̀rù bá bà á, orí náà a sì rí gẹ́lẹ́ bí wọ́n ti wí. Ọ̀pọ̀ irú ejò bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti pa nítorí pé wọ́n pè é ní cottonmouth, ejò olóró kan tó ń gbé inú omi. Ní ti ìrù mímì, kì í ṣe gbogbo ìgbà. Rattlesnake gbára lé àwọ̀ rẹ̀ tó bá ilẹ̀ mu ju ariwo lọ. Ó lè dákẹ́ síbi tó wà kí ènìyàn sì rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìmọ̀. Ẹni tó bá ń dúró de ìró kó tó ṣọ́ra ti pẹ́ jù.

Lóòótọ́, àwọn ejò olóró mẹ́ta tó wà ní gúúsù Illinois, ìyẹn cottonmouth, copperhead àti timber rattlesnake, ní ihò kékeré kan láàárín ojú àti imú, èyí tí wọ́n fi ń mọ ooru ara ẹran, dúdú ojú wọn sì máa ń rí tín-ín-rín ní òòró. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá súnmọ́ ejò débi tó fi rí nǹkan wọ̀nyí ti súnmọ́ ọn jù. Ohun tí a lè rí láti òkèèrè ló wúlò. Àmì tó wà lára copperhead máa ń fẹ̀ ní ìhà ara rẹ̀, ó sì máa ń há ní ojú ẹ̀yìn. Cottonmouth kì í sábà tètè sá. Ó lè ká ara jọ, kó gbé orí sókè, kó sì la ẹnu tí inú rẹ̀ funfun gbòò, bó bá sì ń lúwẹ̀ẹ́, gbogbo gígùn ara rẹ̀ ló máa ń léfòó lójú omi. Ẹ kíyè sí àwọn ọmọ ejò pẹ̀lú, nítorí pé ìparí ìgbà ooru àti ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìwọ́wé ni copperhead, cottonmouth àti rattlesnake ń bímọ. Ṣóńṣó ìrù ọmọ copperhead àti ti cottonmouth ní àwọ̀ yẹ́lò. Ó ń mì ín díẹ̀díẹ̀ kí àkèré lè rò pé kòkòrò ni. Ọmọdé ènìyàn lè rò bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, oró ọmọ ejò náà kì í sì í ṣe eré.

Nítorí náà, ẹ má ṣe fi dídá ejò mọ̀ ṣe ìpìlẹ̀ ààbò yín. Ẹ fi mítà méjì, ó kéré tán, sáàárín ara yín àti ejò yòówù tí ẹ bá rí, kí ẹ sì lo kámẹ́rà tó lè fa àwòrán súnmọ́ yín. Bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀ àti ṣòkòtò tó gùn ni kí ẹ wọ̀. Ẹ má ṣe ki ọwọ́ bọ ibi tí ojú yín kò tíì dé, ẹ má ṣe jókòó lórí ìtì igi tí ẹ kò tíì wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìdènà àrùn, CDC, sọ pé ènìyàn bí 7,000 sí 8,000 ni ejò olóró ń ṣán lọ́dún ní orílẹ̀-èdè náà, nǹkan bíi 5 nínú wọn ló sì ń kú. Ìtọ́jú ilé ìwòsàn ló fà á tí iye tó ń kú fi kéré tó bẹ́ẹ̀. Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ pe 911, ẹ bọ́ òrùka àti aago ọwọ́ kí ẹran ara tó wú, ẹ jẹ́ kí ẹni náà fara balẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó ní oògùn tó ń pa oró ejò. Ẹ má ṣe fi abẹ ya ojú ibẹ̀, ẹ má ṣe fi ẹnu fa oró, ẹ má ṣe fi okùn dì í, ẹ má ṣe gbé yìnyín lé e. Ẹ má sì ṣe lépa ejò náà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni wọ́n tọ́ dàgbà pé igi ni à ń wá bí a bá ti fojú kan ejò, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìgbà tí ènìyàn bá ń gbìyànjú àtipa á tàbí àtimú un ni ọwọ́ ń súnmọ́ ẹnu rẹ̀ jù. Orí tí wọ́n ti gé kúrò lára ejò pàápàá ṣì lè ṣán ènìyàn.

Ìbéèrè: Ẹ káàsán, sà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí, North Carolina ni à ń gbé. Mo rí sàlàmáńdà dúdú kan tó ní ilà aláwọ̀ eérú lára lábẹ́ ìtì igi, nínú ibi tí omi ti gbẹ. Ó ká ara rẹ̀ mọ́ ẹyin. Mo fẹ́ gbé òun àti ẹyin náà lọ sílé, kí n da omi sí wọn, kí wọ́n má baà kú. Ṣé mo lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, o ṣeun tí o béèrè. Má gbé e. Rọra dá igi náà padà sí bó ṣe wà, kí o sì lọ.

Ohun tí o rí yìí, marbled salamander ni, abo sì ni. Ilà ti akọ máa ń funfun jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìbátan rẹ̀ máa ń dúró de òjò ìparí ìgbà òtútù kí wọ́n tó lọ yé ẹyin sínú ọ̀gọ̀dọ̀. Òun kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbà ìwọ́wé ló ń wá, nígbà tí ọ̀gọ̀dọ̀ ti gbẹ, ó ń yé ẹyin bíi 50 sí 200 sórí ilẹ̀ níbi tó rẹlẹ̀, lábẹ́ ewé tàbí igi, á sì ká ara rẹ̀ mọ́ wọn títí òjò yóò fi rọ̀ tí omi yóò fi kún ibẹ̀. Ọmọ ti ń dàgbà nínú ẹyin ní gbogbo ìgbà yẹn. Bí omi bá ti bò wọ́n, wọ́n á pa. Inú omi tútù ni àwọn ọmọ náà ń lò gbogbo ìgbà òtútù, tí wọ́n ń jẹ tí wọ́n ń dàgbà, débi pé nígbà tí ọmọ spotted salamander bá fi máa pa ní ìgbà ìrúwé, àwọn wọ̀nyí ti tóbi tó láti máa jẹ wọ́n. Gbígbẹ tí o rò pé yóò pa wọ́n, òun gan-an ni ìyá wọn gbẹ́kẹ̀ lé. Bí o bá gbé e kúrò níbẹ̀, o ti ba ètò kan jẹ́ tó dára ju èyí tí ìwọ lè fi ike àti omi ẹ̀rọ ṣe.

Ara sàlàmáńdà kò ní ìpẹ́. Ó jọ alángbá lójú, ṣùgbọ́n ìbátan ọ̀pọ̀lọ́ ni. (Bí bàbá rẹ àgbà bá pè é ní alángbá, má bá wọn jiyàn, kò sí sàlàmáńdà kankan ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà.) Awọ rẹ̀ tútù, ó sì ń fa ohun tó bá kàn án mu, nítorí náà, ìpara, oògùn ẹ̀fọn àti iyọ̀ òógùn ọwọ́ lè ṣe é ní jàǹbá. Ọ̀pọ̀ sàlàmáńdà orí òkè yín kò tilẹ̀ ní ẹ̀dọ̀fóró rárá: awọ ara àti inú ẹnu nìkan ni wọ́n fi ń mí, bí awọ náà bá sì gbẹ, èémí tán nìyẹn. Ohun tó mú kí wọ́n máa jáde ní òru òjò nìyẹn.

Òru òjò sì ni kí ìwọ náà lọ, pẹ̀lú àgbàlagbà kan, tọ́ọ̀ṣì àti aṣọ òjò. Apá gúúsù òkè Appalachia, níbi tí ìpínlẹ̀ yín wà, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí oríṣi sàlàmáńdà pọ̀ sí jù lọ láyé. Nínú Great Smoky Mountains National Park nìkan, tó pín sí North Carolina àti Tennessee, oríṣi 30 ló wà. Ọ̀kan nínú wọn, èyí tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pupa, fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí níbòmíràn láyé. Níbẹ̀, òfin kò gbà kí o mú wọn tàbí kí o da wọ́n láàmú, ṣùgbọ́n ìwọ kò nílò rẹ̀: bí òjò bá ti rin ilẹ̀ gbindin tí òtútù kò sì tíì le, wọ́n á jáde fúnra wọn, wàá rí wọn lórí ewé tútù, lára àpáta, àní wọ́n ń gun ìdí igi. Wo ibi tí ẹsẹ̀ rẹ ń tẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ wa fẹ́ lọ sí igbó mélòó kan ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Ẹnì kan ní kí a máa yí gbogbo igi àti òkúta, pé abẹ́ wọn ni nǹkan wà. Ẹlòmíràn ní kí a máa fọ bàtà láti igbó kan sí òmíràn. Àṣejù kọ́ nìyẹn?

Ìdáhùn: Bàtà fífọ̀ kì í ṣe àṣejù. Igi yíyí ló lè di àṣejù.

Ọ̀rinrin abẹ́ ìtì igi máa ń pẹ́ kó tó kóra jọ, ìṣẹ́jú kan sì tó láti tú u ká. Bí ẹ bá ti rí i dájú pé òfin igbó náà gbà á, ẹ yan díẹ̀, ẹ fi ìyókù sílẹ̀, ẹ má sì ṣe fọwọ́ kan igi tó ti jẹrà débi pé yóò fọ́ sí yín lọ́wọ́. Ẹni tó ń yí i gbọ́dọ̀ fi ọ̀pá oníkọ́ fà á sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀, kí igi náà fi dúró láàárín òun àti ohun tó bá wà lábẹ́ rẹ̀. Bí sàlàmáńdà bá wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ kúrò lójú ibẹ̀, ẹ dá igi padà sí àpá ibi tó wà gan-an, òun fúnra rẹ̀ yóò sì wọ abẹ́ rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Gbígbé igi lé e lórí ló ń pa wọ́n.

Òkúta inú odò ni kí ẹ má ṣe yí rárá. Hellbender, sàlàmáńdà tó tóbi jù lọ ní Amẹ́ríkà, tó lè gùn ju 60 sẹ̀ǹtímítà lọ, máa ń yé ẹyin sábẹ́ òkúta pẹrẹsẹ nínú odò ní ìgbà ìwọ́wé, akọ ló sì ń ṣọ́ ẹyin náà. Ẹni tó bá gbé òkúta náà ti tú ilé ká, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rí nǹkan kan nínú omi tó dàrú.

Ní ti bàtà, ọdún 2013 ni àwọn onímọ̀ ṣàpèjúwe àrùn fọ́ńgọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní Bsal, lẹ́yìn tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ run àwọn fire salamander ní orílẹ̀-èdè Netherlands. Nítorí ẹ̀rù rẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2016, ilé iṣẹ́ U.S. Fish and Wildlife Service fòfin de kíkó ìsọ̀rí sàlàmáńdà 20 (tí àwọn onímọ̀ ń pè ní genus) wọ Amẹ́ríkà. Fọ́ńgọ́ọ̀sì mìíràn tún wà tó ń bá ejò fínra nínú igbó Amẹ́ríkà. Ẹrẹ̀ ìdí bàtà lè gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láti ọ̀gọ̀dọ̀ kan sí òmíràn. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì họ ẹrẹ̀ náà kúrò pátápátá kí ẹ tó kúrò ní igbó kọ̀ọ̀kan, ẹ fi omi tí ẹ po bleach mọ́ nù ún, ìwọ̀n bleach kan sí omi mẹ́sàn-án, níbi tó jìnnà sí odò, ẹ ṣàn án, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Ẹni tó bá ní bàtà méjì, kó máa pààrọ̀.

Ẹ kò béèrè èyí, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ lẹ fẹ́ kó lọ. Bí ẹ bá rí ihò tí rattlesnake pọ̀ sí, àwòrán tí wọ́n bá gbé sórí ayélujára lè fi ibẹ̀ han àwọn tó ń mú ejò tà àti àwọn tó ń pa á, nítorí pé fóònù máa ń kọ ibi tó wà sínú àwòrán. Ejò tó sì ń padà sí ihò kan náà lọ́dọọdún kò ní ibòmíràn tí yóò sá lọ. Kí wọ́n pa ètò tó ń kọ ibi tí fóònù wà kí wọ́n tó ya fọ́tò. Bí wọ́n bá fẹ́ kọ nǹkan sábẹ́ rẹ̀, orúkọ ìpínlẹ̀ tó.